Ọjọ́ Tí Ìyá Ìyàwó Mi Bá Mi Sáré Mọ́tò

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ohun tí ojú mi ti rí ní Douala ní Kamẹrúùnù, ọjọ́ Àìkú kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn yóò fi gbé mi sin. Bí mo tiẹ̀ fẹ́ gbàgbé rẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ kò ní gbà. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, bí mo bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà pọ́ọ̀tù, àwọn awakọ̀ àjàgbé á yọ orí lójú fèrèsé, wọ́n á ní, "Le père! Belle-mère ńkọ́?" Ìyá ìyàwó mi ni wọ́n ń béèrè. Èmi náà á juwọ́ sí wọn, mà á rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gé ata jẹ tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde ní pọ́ọ̀tù. Ìwé ni iṣẹ́ náà, ìwé àti ìdúró. Ẹni tó ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ dúró níwájú fèrèsé ọ́fíìsì kan ní Bonanjo, tí wọ́n ń sọ fún un pé "revenez demain," kó padà wá lọ́la, ẹ má bínú sí i bó bá fẹ́ sáré díẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Àlàyé tí mo ṣe fún ìyàwó mi nìyẹn nígbà tí mo ra ọkọ̀ àtijọ́ kan lọ́wọ́ bàbá Gíríìkì kan tó ń padà sílùú rẹ̀. Ọkọ̀ pupa ni, ó gùn nímú, ó kúrú nídìí, táyà ẹ̀yìn ló sì ń tì í lọ, kì í ṣe ti iwájú bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìsinsìnyí. Ìyàwó mi wò ó yíká. Ó ní, "Bàbá Tómi, ẹ ò kúkú sọ fún mi pé ẹ ń mú orogún bọ̀ wá bá mi."

Ibi tí mo ti ń lo orogún yìí ni àgbàlá ilé iṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé lẹ́yìn pọ́ọ̀tù. Kọnkéré ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, ó gùn gbọọrọ láti géètì dé ara ògiri ẹ̀yìn. Àwa kan tí a fẹ́ràn mọ́tò máa ń pàdé níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Eré wa kò le rárá: ọkọ̀ méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹnì kan á ju aṣọ pupa sílẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibi ìlà funfun lódìkejì ló borí. Kò sí kọ́nà, kò sí ìyípo. Tààrà ni. Àmọ́ tààrà yẹn gan-an ni ọkọ̀ mi kò mọ̀. Bí mo bá ti tẹ iná mọ́ ọn láti gbéra, imú rẹ̀ á kọrí sí ọ̀tún, ìdí rẹ̀ á fì sí òsì, a ó wá máa fi ẹ̀gbẹ́ lọ títí tí mo fi máa rí i mú. Kí n tó rí i mú, ẹni tí mo ń bá sáré á ti dé òpin, á ti sọ̀ kalẹ̀, á tiẹ̀ ti máa mu omi.

Alàájì ló kọ́kọ́ sọ mí ní Alákàn. Ọmọ Ìwó ni, ó ń ta aṣọ lọ́jà, ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ sì ni, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣàánú mi. Àwọn tó kù túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, ó di "Monsieur Crabe." Ẹ bá mi rò ó: orílẹ̀-èdè tó jẹ́ pé edé inú odò Wouri ni àwọn òyìnbó àtijọ́ rí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, èmi àlejò ni wọ́n wá fi alákàn sọ.

Mo kọ́kọ́ bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ orúkọ burúkú ní ẹsẹ̀, ó tẹ̀ lé mi dé ibi iṣẹ́. Oníbàárà kan tí ẹrù rẹ̀ fẹ́ wọlé wò mí lójú lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ṣé ìwọ ni wọ́n ń pè ní Crabe? Mo fẹ́ kí ẹrù tèmi jáde tààrà o, kó má fi ẹ̀gbẹ́ rìn." Ó rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín, ó sì kó ìwé rẹ̀ lọ fún ẹlòmíì. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹ̀fẹ̀.

Èyí tó wá kó mi láyà sókè jù ni pé ìyá ìyàwó mi dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn, wọn ò wá sílé wa rí. Tómi, ọmọ wa, wà nílé ẹ̀kọ́ ní Yaoundé, yàrá rẹ̀ ni Màmá dé sí. Obìnrin pàtàkì ni Màmá, wọ́n tóbi lára, wọ́n tóbi lóhùn. Bí wọ́n bá jókòó sórí àga, àga náà mọ̀ pé ẹnì kan jókòó. Mo fẹ́ kí wọ́n padà sílé lọ sọ pé ọkọ tí ọmọ àwọn fẹ́, èèyàn gidi ni. Kí wọ́n wá gbọ́ nígboro Douala pé Alákàn ni wọ́n ń pè mí? Mo pinnu pé ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yẹn, tí èmi àti Alàájì ti dá pé a ó jọ sáré níwájú gbogbo ẹgbẹ́, ọkọ̀ mi gbọ́dọ̀ rìn tààrà.

Mo lọ bá Tonton Émile, mẹkáníìkì mi ní Deïdo. Ó wo ìdí ọkọ̀ náà, ó mi orí. Ó ní, "Kò sí ohun tó ya wèrè níbí. Bí ẹ́ńjìnnì bá fi agbára yí ọ̀pá tó ń lọ sẹ́yìn lójijì, ńṣe ló ń fẹ́ gbé táyà ọ̀tún kúrò nílẹ̀, ó ń tẹ ti òsì mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ kan dúró, ìkejì ń jó. Ta ló lè rìn tààrà bẹ́ẹ̀?" Ó ní a ó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn sí èyí tó le, a ó fi rọ́bà tuntun sí àwọn oríkèé irin rẹ̀, a ó wá ti àpò rọ́bà kan bọ inú sípíríǹgì apá ọ̀tún. Bí a bá ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí àpò náà, á máa ti táyà ọ̀tún mọ́lẹ̀, kò ní lè jó mọ́. Ó gbé ìka sókè, ó ní, "À droite, hein! Ọ̀tún nìkan."

Ó ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù àti rọ́bà tán, àpò yẹn nìkan ló kù, nígbà tó pè mí lọ́jọ́ Fráídè pé òun ti wà lójú ọ̀nà Bafoussam, pé bàbá àgbà òun kú, òun ń lọ síbi òkú. Mo kí i kú ọ̀fọ̀. Mo wá bi í, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ tí èèyàn fi ń bá ọlọ́fọ̀ sọ̀rọ̀, bóyá mo lè fi àpò náà sí i fúnra mi. Ó ní rárá, kí n dúró de òun di Mọ́ńdè. Mo ní mo ti gbọ́. Òótọ́ ni, mo gbọ́.

Nígbà tó di Sátidé, mo fi jáàkì gbé ìdí ọkọ̀ sókè ní àgbàlá wa ní Bonabéri, mo fi òkúta dí táyà iwájú, mo gbé igi sábẹ́ ẹ̀yìn kó má baà já lù mí. Mo wá dùbúlẹ̀ lórí páálí, mo fẹ̀yìn wọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ láti ẹ̀yìn, orí mi wà ní iwájú, ẹsẹ̀ mi méjèèjì yọ síta. Àwọn aládùúgbò tó ń kọjá ń kí ẹsẹ̀ mi. "Bonjour, les pieds!" ni obìnrin ilé kejì wí. Mo dá a lóhùn láti ìsàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Tonton Émile kò kúrò létí mi: à droite, ọ̀tún nìkan. Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi, mo fọwọ́ kan sípíríǹgì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ti àpò náà bọ inú rẹ̀, mo so ó dáadáa. Ìyàwó mi jáde wá.

"Bàbá Tómi, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ohun tí ẹ ń ṣe?"

"Ṣé ẹ ò rí mi ni?"

"Ẹsẹ̀ yín nìkan ni mo rí."

Nígbà tí mo sọ ọkọ̀ kalẹ̀ tí mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí àpò náà, mo rí i pé ọkọ̀ fì sí apá kan. Mo ní ilẹ̀ àgbàlá wa ni kò tẹ́jú. Mo tì í dé ibòmíì, ó ṣì fì. Mo ní nǹkan tuntun ni, á fara mọ́lẹ̀ tó bá yá. Ṣebí bàtà tuntun náà máa ń kọ́kọ́ ha ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ti fẹ́ tan ara rẹ̀ jẹ, kì í wá àwíjàre tì.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, a wọ ọkọ̀, ó di ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó mi jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Màmá jókòó sẹ́yìn. Àárín ni wọ́n kọ́kọ́ jókòó sí, àmọ́ ká tó dé títì ńlá, wọ́n ti yọ̀ lọ sí ìhà ọ̀tún bí iṣu inú agbọ̀n, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Wọ́n ní, "Bàbá Tómi, ṣé ọkọ̀ yìí ń tiro ni?"

"Rárá o, Màmá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni."

"Ẹ kú ìnáwó," ni wọ́n wí.

Ẹ mọ̀ pé títì Bonabéri kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni. Pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kù líle tí a fi sí i, gbogbo kòtò tí a bọ́ sí ló ń kí wa lórúkọ. Bí táyà bá kan kòtò, Màmá á gbéra, gèlè wọn á kan òrùlé, wọ́n á padà wálẹ̀ pẹ̀lú "Jéésù!" Kí a tó kọjá afárá Wouri, gèlè tí wọ́n fi gbogbo àárọ̀ wé ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí àkàrà tí èèyàn jókòó lé. Ọlọ́pàá kan dá wa dúró lórí afárá, ó wo ọkọ̀ mi láti ẹ̀yìn, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kó lè wò ó dáadáa. "Monsieur," ni ó wí, "ṣé ìbàdí ló ń dun ọkọ̀ yìí?" Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá náà ní ká máa lọ, pé òun ò lè mú aláìsàn. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá rọra sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ní, "Bàbá Tómi, ẹ ṣeun. Ọlọ́run ló kó wa yọ." N kò mọ èyí tó jẹ́ ìdúpẹ́ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin fẹ́ ṣe ìpàdé. Faransé ni wọ́n fi ń ṣe é, Màmá kò gbọ́ Faransé, ìyàwó mi wá ní kí n gbé wọn lọ sílé. Bí mo ṣe ń ṣí ọkọ̀ ni fóònù dún. Alàájì ni.

"Alákàn, ṣé o ti sá wọ ihò ni? Gbogbo èèyàn ti dé o."

Mo wo ọ̀nà afárá. Ọkọ̀ ti tò láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà Deïdo, wọn ò mira. Bí mo bá kọjá lọ sí Bonabéri, ilẹ̀ á ṣú kí n tó padà. Bí n kò bá sì lọ síbi eré, wọ́n á ní mo sá. Mo yíjú sẹ́yìn. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yà kí àwọn ọ̀rẹ́ mi kan lọ́nà pọ́ọ̀tù. Kò ní pẹ́."

"Kò burú," ni wọ́n wí. "Ìlú ni mo kúkú wá wò."

Nígbà tí a wọ àgbàlá náà, àwọn èèyàn ti tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Apá ọ̀tún ni àwọn bíríkìlà kan da òkìtì iyanrìn sí, ó ga ju èèyàn lọ. Obìnrin kan tó ń yan ẹja tẹ́ àtẹ rẹ̀ sẹ́nu géètì lábẹ́ agboòrùn ńlá. Alàájì wọ jalabíà funfun, ó fi awò dúdú sójú, ó ń fi aṣọ nu bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ọkọ̀ náà ń lọ ṣègbéyàwó. Bó ṣe rí Màmá lẹ́yìn ọkọ̀ mi, ó bọ́ awò, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, Màmá. Ẹ káàbọ̀ o, àlejò wa."

"Wà á dàgbà, wà á dògbó," ni Màmá wí. Inú wọn dùn láti rí ẹni tó gbọ́ Yorùbá.

Alàájì dìde, ó gbọn eruku kúrò láṣọ, ó tẹ̀ sí etí mi. "Bàbá Tómi, ṣé o gbé ìyá ìyàwó rẹ wá kí wọ́n lè máa wò bí mo ṣe ń nà ẹ́ ni?" Ohùn rẹ̀ kì í lọ sílẹ̀ rárá. Kí n tó fèsì, ẹnì kan kígbe láti ọ̀nà jíjìn pé, "Crabe ti dé!" Yorùbá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́: "Alákàn ti dé!"

Màmá wò yíká. "Ta ni wọ́n ń pè ní Alákàn?"

"Ẹnì kan ni, Màmá," ni mo wí.

Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo ní kí Màmá jọ̀ọ́, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Wọ́n wo oòrùn. Wọ́n wo kọnkéré tó ń jó bí agbada. Wọ́n wo mí.

"Nínú oòrùn yìí? Mi ò sọ̀. Ẹ máa ṣe tiyín, èmi ti jókòó."

"Màmá, a fẹ́ sáré díẹ̀ ni."

"Láti àárọ̀, kí ni ẹ ti ń bá mi ṣe?"

Àna ẹni kì í ṣe ẹrù téèyàn ń wọ́ sílẹ̀. Kò sì sí òfin kankan nínú ẹgbẹ́ wa tó ní a kò gbọdọ̀ gbé èrò, nítorí kò sí ẹni tó rò pé ẹnikẹ́ni á gbé ìyá ìyàwó rẹ̀ wá. Mo so bẹ́líìtì mọ́ Màmá láyà, mo sọ fún ara mi pé n ó rọra lọ, n ó rọra fìdí rẹmi, n ó sì gbé àna mi lọ sílé. Bí mo ṣe pinnu nìyẹn, tọkàntọkàn.

Aṣọ pupa balẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kò sì dúró gbọ́ ìpinnu mi.

Mo tẹ iná. Mo ti mú ọwọ́ le láti fa sítíárìn sí òsì bí mo ṣe máa ń ṣe, àmọ́ kò sí ohun tí mo fẹ́ fà. Ọkọ̀ náà gbéra bí ọfà, tààrà, bí ẹni pé wọ́n fi okùn fà á láti ara ògiri. Lẹ́yìn mi, Màmá pariwo "Jéésù!" tó mì mí létí. Wọ́n tún pè é lẹ́ẹ̀kejì, ohùn wọn ti yàtọ̀ díẹ̀. Mo fojú kan Alàájì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti yọ imú. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn Màmá, ó le bí ti ọ̀gágun: "Ẹ má jẹ́ kó kọjá wa! Bàbá Tómi, ẹ má jẹ́ kó kọjá wa!"

Kò kọjá wa.

Ariwo sọ. Mo fò sílẹ̀, mo jó yí ọkọ̀ ká. Orí mi wú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún àwọn tó pé lé mi lórí bí wọ́n ṣe ń tún ìdí ọkọ̀ ṣe, bí táyà ọ̀tún ṣe máa ń fẹ́ jó, bí mo ṣe fọwọ́ ara mi ti àpò bọ sípíríǹgì láìsí mẹkáníìkì. Ẹnì kan bi mí bóyá mo lè bá òun ṣe tirẹ̀. Mo ní kó mú un wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ wo ẹnu mi.

Alàájì dé, ó ń mi orí. "Rárá o. Èmi nìkan ni mo wà nínú ọkọ̀ tèmi. Ìwọ àti Màmá lẹ jọ sáré. Kí Màmá sọ̀ kalẹ̀, ká tún un sá."

Bí mo bá ní ọgbọ́n bí orí eṣinṣin, ǹ bá ní rárá. Mo ní, "Alàájì, bó o bá fẹ́, ká sá a títí di ọ̀la." Obìnrin ẹlẹ́ja yẹn gbé àga fún Màmá lábẹ́ agboòrùn rẹ̀, ó fún wọn ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù. Ọ̀kan ń sọ Pidgin Kamẹrúùnù, ìkejì ń sọ Pidgin Nàìjíríà, wọ́n ti di ọ̀rẹ́ kí n tó padà sínú ọkọ̀. Màmá gbé ìgò sókè sí mi. "Ẹ tún fún un o!"

Mo tiẹ̀ tún fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí àpò náà, kó lè tọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkọ̀ tún fì sí i. Aṣọ balẹ̀. Mo tẹ iná pẹ̀lú gbogbo agbára mi, mo fi sítíárìn sílẹ̀ bí ẹni tó fọkàn tán an.

Ẹ̀yin èèyàn, ọkọ̀ náà kò tiẹ̀ díbọ́n. Ó yí sí ọ̀tún bí ẹni tó rí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ lódìkejì ọjà. Àwọn tó wà níbẹ̀ fọ́n ká. Kí n tó rí bíréèkì tẹ̀, ó ti gun òkìtì iyanrìn yẹn dé ìdajì, ó gbé imú sókè ọ̀run, ó dúró. Táyà ẹ̀yìn ṣì ń yí, ó ń da iyanrìn sẹ́yìn, ó da á sára jalabíà funfun Alàájì tó ti dá eré dúró, tó ń sáré bọ̀ wá wò mí.

Mo gbọ́ ìṣísẹ̀ tó wúwo.

"Bàbá Tómi! Ṣé ẹ ti kú?"

"Rárá, Màmá."

"A dúpẹ́." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Kí ló wá dé tí ẹ gun òkè?"

Wọ́n fi okùn wọ́ ọkọ̀ náà sílẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹ́ lára rẹ̀ àfi ojú tèmi. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé àpò náà ló bẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí n wò ó. Mo dùbúlẹ̀, mo fẹ̀yìn wọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ láti ẹ̀yìn bí mo ṣe ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Àpò wà níbẹ̀, ó wú kanlẹ̀, kò bẹ́. Mo kígbe síta pé nǹkan dá ṣáká, pé ibi tí mo fi í sí gẹ́lẹ́ ló wà.

Ohùn Alàájì wá láti òkè. "Apá wo lo fi í sí?"

"Ọ̀tún! Ṣé mo jọ ẹni tí kò mọ ọ̀tún ni?"

Ó ní, "Na ọwọ́ ọ̀tún rẹ jáde ká rí i."

Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi jáde pẹ̀lú ìgboyà, mo tiẹ̀ ju ìka. Ọwọ́ náà yọ síta lábẹ́ ilẹ̀kùn tí mo máa ń gbà wọlé láti wakọ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé apá òsì ni awakọ̀ ń jókòó sí ní Douala.

N kò rí ojú ẹnikẹ́ni láti ìsàlẹ̀ níbẹ̀, bàtà nìkan ni mo ń rí. Mo rí i tí àwọn bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Mo rí bàtà ẹnì kan tó já sílẹ̀, tí olúwa rẹ̀ kò dúró mú un. Mo rí orúnkún jalabíà funfun tó kanlẹ̀, Alàájì ń fi ọwọ́ lu kọnkéré, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀rín kan wá ta gbogbo ẹ̀rín yòókù yọ, ó ń bọ̀ láti inú ikùn lọ́hùn-ún. Ẹ̀rín Màmá ni. Ó ṣe díẹ̀ kó tó yé mi: bí mo ṣe dùbúlẹ̀ tí mo kọjú sókè tí mo kọrí síwájú, òsì ọkọ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún mi wà. Dípò kí n ran táyà tó ń jó lọ́wọ́, mo lọ ran èyí tó ti dúró gbọn-in lọ́wọ́. Mo rò ó pé kí n máa gbé abẹ́ ọkọ̀ yẹn. Ó tutù níbẹ̀, èèyàn á máa gbé oúnjẹ wá fún mi.

Nígbà tí mo jáde, iyanrìn kún orí mi. Ẹnì kan béèrè pé kí ló wá jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ lọ tààrà. Àwọn èèyàn wo ara wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n o, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n láti sọ ọ́. Màmá fúnra wọn ló gbé orúnkún kan lé èkejì lórí àga wọn, tí wọ́n ní, "Ta ló jókòó sí apá ọ̀tún? Àbí ẹ rò pé ọkọ̀ yẹn ló gba ipò kìíní ni? Èmi ni." Obìnrin ẹlẹ́ja túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Màmá títí, wọ́n sì fi ẹja yíyan kan ta wọ́n lọ́rẹ.

Mo wakọ̀ lọ sílé jẹ́jẹ́. Lórí afárá, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí, kó má dé etí Ìyá Tómi."

Wọ́n bínú sí mi. "Èmi? Ẹnu mi kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ."

Ìyàwó mi ti bá takisí ṣáájú wa délé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Màmá kò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì jáde nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ní, "Ọmọ mi, wá gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ ṣe." Mo bá inú ilé lọ wẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ọ̀rọ̀ ti tán nílẹ̀, ìyàwó mi gbé oúnjẹ fún mi, ó bu omi fún mi láti fọ ọwọ́. Ó jókòó níwájú mi, ojú rẹ̀ dúró. Ó ní, "Bàbá Tómi, ṣé ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ fẹ́ fi jẹun, àbí èyí tí ẹ rò pé ó jẹ́ ọ̀tún?" Ló bá ṣubú lé àga. Màmá náà ṣubú lé e.

Tonton Émile dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó yọ àpò náà, ó fi í sí ibi tó yẹ, kò pẹ́ rárá. Kò bá mi wí. Ó kàn ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọkọ̀ náà ń rìn tààrà báyìí, mo máa ń borí nígbà mìíì, wọ́n máa ń borí mi nígbà mìíì. Oníbàárà yẹn kò kó ìwé rẹ̀ padà fún mi títí dòní, ṣùgbọ́n bó bá rí mi, ó máa ń ní kí n bá òun kí Màmá.

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ní kó o dúró, dúró, ìdúró náà wà nínú iṣẹ́. Bó o bá sì wà lábẹ́ nǹkan, má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ara rẹ láti mọ ọ̀nà. Ké sí ẹni tó dúró lókè, kó bá ẹ wò ó, ì báà jẹ́ ẹsẹ̀ rẹ nìkan ló ń rí.

Màmá ti padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó tipẹ́. Ìyàwó mi sọ fún mi pé wọ́n ti sọ ìtàn ọjọ́ náà kárí àdúgbò, àwọn èèyàn sì máa ń wá gbọ́ ọ. Nínú èyí tí wọ́n ń sọ, eré kan ṣoṣo la sá, ipò kìíní la sì gbà. Wọn ò mẹ́nu ba òkìtì iyanrìn rárá. Wọ́n pè mí láìpẹ́ yìí, àwọn obìnrin kan ń pariwo lẹ́yìn wọn, wọ́n ní, "Bàbá Tómi, ẹ sọ fún àwọn wọ̀nyí, ṣé a ò borí ni?" Mo ní, "A borí, Màmá. A borí dáadáa." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó, èmi nìkan, mo sì rẹ́rìn-ín ara mi títí omi fi bọ́ lójú mi.